Àbúrò, Bí O Ṣe Máa Ṣe Òmùgọ̀ Lórí Ọrọ̀ Ajé Ṣábẹ̀

Àbúrò, mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí o lọ sí Ṣábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kí o wo ohun tí àṣẹ ìjọba ṣe fún ọjà àti oko, kí o sì kọ ọ́ wá. O kú oríire. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí ní. Ọ̀nà ọlọ́gbọ́n gùn, èsì rẹ̀ kì í sì í sábà dùn mọ́ ẹni tó rán ni níṣẹ́ nínú. Ọ̀nà òmùgọ̀ yá, ó já gaara, owó rẹ̀ sì máa ń tètè jáde. Ọ̀nà kejì yìí ni màá kọ́ ọ.

Ohun tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ sórí ni pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan, nǹkan yẹn ló fà á. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá bi ọ́ pé ṣé ilẹ̀ ò níí mọ́ ká ní wọ́n ti fi àkùkọ náà se ọbẹ̀ lálẹ́ àná, wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tí kò dé ilé ìwé rí. Ìbéèrè yẹn, "kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní wọn ò ṣe é?", òun ni ọ̀tá rẹ. Gbogbo ohun tí màá sọ láti ìsinsìnyí lọ, ọgbọ́n bí o ṣe máa sá fún un ni.

Títì ẹnubodè ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó rọrùn láti ṣìṣe nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Ìrẹsì àti epo ló ń bí wọn nínú: ìrẹsì òkèèrè tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu tó sì ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ Nàìjíríà, àti epo bẹntiróòlù tí ìjọba Nàìjíríà ń bá ará ìlú san lára owó rẹ̀ nígbà náà, tó ń sọdá wá di kpayó nínú ìgò létí títì. Ṣábẹ̀ wà níbi tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti ń dun ni. Odò Ọ̀pàrà ló wà láàárín àwa àti Nàìjíríà. Èdè tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún là ń sọ níhìn-ín, mọ̀lẹ́bí wà ní Ṣakí, owó nìkan ló yàtọ̀, sẹ́fà níbí, náírà lọ́hùn-ún. Ohun tí wọ́n bá sọ ní Abùjá láàárọ̀, ọjà Ṣábẹ̀ á ti gbọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní rèé. Mú ìwé àti bírò, wọ ọjà. Béèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan nísinsìnyí, béèrè iye tí wọ́n ń tà á kí ẹnubodè tó tì, yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ohun tó kù nínú ìyọkúrò yẹn, títì ẹnubodè ló ṣe é. Oúnjẹ ọ̀sán ò níí bá ọ lẹ́nu iṣẹ́.

Bí o bá rò pé ó ti rọrùn jù, wo àwọn àgbà tó ti ń ṣe é ṣáájú rẹ. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà fẹ́ fi yé aráyé pé títì náà ń so èso, wọ́n ní ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án 2019, àwọn gba bílíọ̀nù 9.2 náírà. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Oṣù kẹsàn-án ní ọgbọ̀n ọjọ́. Èyí tó sanra jù nínú wọn ni wọ́n fà jáde fún wa. Àwọn tó kórìíra títì náà ò sì gbẹ́yìn. Wọ́n gbé ìṣirò ọ̀wọ́n gógó ọjà Nàìjíríà síta: 11.02 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹjọ 2019, 11.98 ní oṣù kejìlá, 15.75 ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn. Wọn ò dárúkọ owó orí ọjà tí Nàìjíríà gbé láti 5 sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejì 2020. Wọn ò dárúkọ náírà tó ń já wálẹ̀ lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò dárúkọ kòrónà. Òmùgọ̀ méjì dìjọ ń jà, ọ̀bẹ kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ní Ṣábẹ̀ gan-an, iṣẹ́ rẹ tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí "ìṣáájú" tí o fẹ́ lò kò sinmi. Ìdìbò aṣòfin ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, tí ẹgbẹ́ alátakò kankan kò sí nínú rẹ̀, dá wàhálà sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, rògbòdìyàn ti dé Ṣábẹ̀ àti Tchaourou: ọ̀nà dí, ṣọ́jà dé, ìbọn dún. Ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ara rẹ̀ jọ láti inú ìyẹn ni ẹnubodè tì mọ́. Ìwọ má kọ ìyẹn sílẹ̀. "Ẹ̀yìn" rẹ náà kò sinmi: ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta 2020, wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó kó kòrónà ní Bẹ̀nẹ̀. Ìyẹn náà, fò ó.

Lẹ́yìn náà, àsìkò wà. Oṣù kẹjọ ni iṣu tuntun ń wọ ọjà. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni Savalou, tí kò jìnnà sí wa, máa ń ṣe ọdún iṣu, ọjọ́ márùn-ún péré sí ọjọ́ tí ẹnubodè tì. Bí owó iṣu bá wá fọ́, kọ ọ́ gàdàgbà pé nítorí iṣu ò rí Nàìjíríà lọ ni. Ìyá tó ń ta iṣu lè sọ fún ọ pé, "Ọmọ mi, ṣebí ọdọọdún ló ń fọ́ bẹ́ẹ̀ bí tuntun bá ti dé." Dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé, Ìyá," kí o sì kọ ohun tí o ti ní lọ́kàn láti Kútọnu.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ọ́ pé ìgbà wo gan-an ni ẹnubodè ṣí. Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2020 ni Abùjá kéde pé àwọn ṣí i, ṣùgbọ́n ẹnubodè mẹ́rin péré ló kọ́kọ́ kàn. Sẹ̀mẹ̀ létí òkun wà nínú wọn, àwọn mẹ́ta yòókù jìnnà sí wa pátápátá. Ti ìhà tiwa, wọ́n ní ó tún di ìparí oṣù. Ìwọ sáà kọ ọ́ pé "wọ́n ṣí i." Iwájú ilé ẹni tó ń ka ìwé rẹ ní Kútọnu, Sẹ̀mẹ̀ ni.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá rẹ ti gbọ́ fìrífìrí nípa ìbéèrè tó jẹ́ ọ̀tá rẹ yìí, kó ní kí o wá ìlú mìíràn tí àṣẹ náà ò kàn, kí o fi wé Ṣábẹ̀. Má ṣe jáyà. Ìgbésẹ̀ kejì nìyẹn, ibẹ̀ ni òmùgọ̀ gidi ti ń yàtọ̀ sí òmùgọ̀ ojú lásán.

Gbọ́ ibi tí wọ́n ti rí ọgbọ́n ìfiwéra yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé owó iṣẹ́ tó kéré jù láti dọ́là 4.25 sí 5.05 ní wákàtí kan. Pennsylvania tó múlé tì í kò gbé tiẹ̀. David Card àti Alan Krueger wádìí lọ́dọ̀ ilé oúnjẹ 410 ní ìhà méjèèjì, kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wo bí iye òṣìṣẹ́ ṣe yí padà ní New Jersey, wọ́n wo bó ṣe yí padà ní Pennsylvania, wọ́n yọ ti ọ̀hún kúrò nínú ti ìhín. Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n kà sí iṣẹ́ òfin. Àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ń pariwo pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn méjì yìí ò rí i bẹ́ẹ̀. Card gba Nobel ní 2021, òun pẹ̀lú Joshua Angrist àti Guido Imbens. Krueger ti kú ní 2019.

Gbogbo agbára ọgbọ́n yẹn wà nínú ohun kan: ìlú méjèèjì gbọ́dọ̀ ti jọ máa rìn kí àṣẹ tó dé. Kò pọn dandan kí ọrọ̀ wọn dọ́gba, ìrìn wọn ni kó bára mu. Bí ọ̀kan bá gòkè lọ́dún tí òjò rọ̀, kí èkejì náà gòkè. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ nígbà tí náírà já, kí èkejì náà rẹlẹ̀. Nígbà náà lo tó lè sọ pé bí ẹnubodè ò bá tì, bí èkejì ti rìn ni Ṣábẹ̀ ìbá rìn.

Nítorí náà, ìlú tí ìrìn rẹ̀ ò bá ti Ṣábẹ̀ mu rárá ni kí o yàn. Bí ẹni tó rán ọ bá fẹ́ gbọ́ pé títì ẹnubodè pa Ṣábẹ̀ lára, fi wé Kútọnu, níbi tí èbúté àti báńkì àti ọ́fíìsì wà, tí owó oṣù ń wọlé ẹnubodè ì báà ṣí ì báà tì. Bó bá fẹ́ gbọ́ pé kò ṣe nǹkan kan, wá ìlú tí àjálù mìíràn já lé lórí lọ́dún yẹn. Natitingou náà ṣeé lò. Ó wà lápá òdìkejì, ó sún mọ́ Tógò ju Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n òkè wà níbẹ̀, òkè wà ní Ṣábẹ̀. Kọ ọ́ pé, "Ìlú olókè ni àwọn méjèèjì." Mo mọ ìwé tó ti yege pẹ̀lú àlàyé tí kò tó ìyẹn.

Ọlọ́gbọ́n á dá ọ lábàá Glazoué. Inú ẹkùn Collines kan náà ló wà, ìrìnàjò rẹ̀ ò pẹ́, àgbẹ̀ ni wọ́n bíi tiwa, ojú ọ̀nà Párákù kan náà ni gbogbo wa jọ jókòó sí. Àbá tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọjà oúnjẹ ńlá ni Glazoué, oníbàárà láti Nàìjíríà ń ná an. Àṣẹ tó kan Ṣábẹ̀ kan òun náà. Ẹ̀wẹ̀, bí ìyá onírẹsì kan bá palẹ̀ mọ́ ní Ṣábẹ̀ nítorí ọ̀nà ti dí, tó lọ pàtẹ sí Glazoué, ìwọ á kà á sí àdánù níhìn-ín, wàá tún kà á sí èrè lọ́hùn-ún, ìyàtọ̀ tí o rí á di ìlọ́po méjì. Ìyá kan náà, ìrẹsì kan náà. Ọlọ́gbọ́n á máa jókòó ronú sí irú èyí, kò sì níí lè parí ìwé rẹ̀ lásìkò. Ìwọ, parí.

Ohun kan tún wà tí Ṣábẹ̀ ní tí Glazoué kò ní: ilé iṣẹ́ ṣúgà. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ló jọ dá a sílẹ̀, iléeṣẹ́ Lonrho sì ní ìpín díẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ dúró níbẹ̀, wọ́n fi háyà fún Complant, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, ní 2003, ó sì di SUCOBE. Bí ìrèké bá dára lọ́dún kan, tàbí bí ẹ̀rọ bá kọ̀ṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣábẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára, ẹnubodè kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà tóbi, oko ìrèké rẹ̀ lọ salalu. Kí èèyàn tó lè gbàgbé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìwádìí, ó gba ẹ̀bùn àbínibí. Mo rí i pé o ní in.

Ìgbésẹ̀ kẹta kò gùn. Ní oṣù kọkànlá 2019, àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹni tó ń wá òtítọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nígbà tó gbọ́ èyí. Ilé epo tó wà ní kìlómítà 19 àti èyí tó wà ní 21, kí ló yà wọ́n? Ojú ọ̀nà kan náà, irú oníbàárà kan náà, òjò kan náà. Ìlà tí ẹnì kan fi rúlà fà ní ọ́fíìsì nìkan ló wà láàárín wọn. Fi wọ́n wé ara wọn, ohun tí àṣẹ náà ṣe á jáde síta. Ìwọ ní tìrẹ, fi ilé epo tó wà nítòsí Ọ̀pàrà wé ilé epo ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá fi dandan lé e pé kí o lo ìlà náà, fi alùpùpù wọ̀n ọ́n gba ojú ọ̀nà oko, kí kìlómítà 20 lè bọ́ sí ibi tó bá wù ọ́. Lẹ́yìn náà, kéde pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé epo méjì létí ìlà ni yóò ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ilé epo títí dé Sókótó.

Wàyí o, ohun tí o gbọ́dọ̀ sá fún bí ẹní sá fún ejò ni ìbò ṣíṣẹ́.

Bẹ̀nẹ̀ ti rí i rí. Láàárín 2006 sí 2011, owó Amẹ́ríkà tó ń lọ sí bíi mílíọ̀nù 307 dọ́là wọ orílẹ̀-èdè yìí láti ọwọ́ àjọ Millennium Challenge, apá kan nínú rẹ̀ sì lọ sórí Plan Foncier Rural: wọ́n á wọ abúlé, wọ́n á pe gbogbo ènìyàn, wọ́n á wọn ilẹ̀ oníkálukú, wọ́n á ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, wọ́n á kọ ẹni tó ni ín sílẹ̀. Abúlé tó ń fẹ́ ẹ ju owó tó wà nílẹ̀ lọ. Kàkà kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó mọ mínísítà gbà á, wọ́n ṣẹ́ ìbò ní gbangba. Abúlé tí ìbò mú bọ́ sí i. Abúlé tí kò mú di ẹlẹ́rìí ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Abúlé tó mú kò ní làákàyè ju èyí tí kò mú lọ, ilẹ̀ rẹ̀ kò lọ́ràá jù, baálẹ̀ rẹ̀ kò lẹ́nu lọ́dọ̀ ìjọba jù. Bí ìyàtọ̀ bá wá jáde láàárín wọn lẹ́yìn náà, níbo lo fẹ́ sá sí?

Ìyàtọ̀ jáde. Ní abúlé tí wọ́n ti ri òkúta, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi àti irè ọlọ́dún gbọọrọ. A kì í sọ ìdí rẹ̀ fún ará Ṣábẹ̀: ẹni tó tọrọ ilẹ̀ dáko kì í gbin kajú sí i, nítorí ẹni tó bá gbin igi ti ń sọ pé ilẹ̀ tòun ni. Àmọ́ ìkórè kò tíì pọ̀ sí i nígbà tí àwọn olùwádìí lọ wò ó. Òmùgọ̀ á dúró síbẹ̀. "Ìkórè ò pọ̀ sí i, owó ṣòfò." Ó fọwọ́ sí i, ó gba owó rẹ̀.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ló tún dùn jù. Olùwádìí rí i pé ilẹ̀ tí obìnrin ń dá ní abúlé tí ìbò mú sábà máa ń wà ní àsinmi ju ti ibòmíì lọ. Ìwọ á ti kọ ọ́ pé ètò náà sọ obìnrin di ọ̀lẹ. Wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tí òkúta ti wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á mọ́, nítorí náà wọ́n lè fi í sílẹ̀ kó sinmi, kó lọ́ràá padà. Iṣẹ́ wọn wá kó lọ sórí ilẹ̀ tí kò ní òkúta, tó wà lẹ́yìn odi abúlé, wọ́n ń dá a kí ẹlòmíì má bàa gbà á. Ọ̀lẹ tó ń rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó dé oko! Bí ìwọ bá rí irú èyí, má tọpasẹ̀ rẹ̀. Ìpasẹ̀ máa ń mú èèyàn dé ibi tí kò bá èrò rẹ̀ mu.

Bí wọ́n bá fi ìbò ká ọ mọ́, sọ pé ọgbọ́n òyìnbó ni, kò bá àṣà wa mu. Kí o má ṣe dárúkọ Leonard Wantchekon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, tó mú kí àwọn olóṣèlú gan-an gbà láti ṣẹ́ ìbò abúlé nínú ìdìbò ààrẹ oṣù kẹta 2001: àwọn kan gbọ́ ìlérí ohun tí wọ́n máa ṣe fún ìlú wọn nìkan, àwọn kan gbọ́ ètò fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì wo bí àwọn èèyàn ṣe dìbò. Kí o má sì sọ pé ní oṣù kẹwàá 2019 gan-an, tí olórí aṣọ́bodè Nàìjíríà kéde pé ẹrù kankan kò níí kọjá, ì báà bófin mu, ì báà má bá a mu, ni wọ́n fi Nobel dá Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti Michael Kremer lọ́lá nítorí irú ìdánwò báyìí. Òótọ́ ni pé èèyàn ò lè ṣẹ́ ìbò ẹnubodè, kó ti ìdajì odò Ọ̀pàrà. Lo ìyẹn. Sọ pé níwọ̀n ìgbà tí a kò lè dán ohun gbogbo wò, a kò gbọdọ̀ dán ohunkóhun wò.

Ẹ̀kọ́ kékeré kan kù lórí ohun tí o máa ṣírò. Ní 2014, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí oníṣòwò kékeré tí wọ́n ń pè ní entreprenant jáde ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì fi oníṣòwò 3,600 ní Kútọnu dán an wò. Àwọn tí wọ́n kàn ṣàlàyé rẹ̀ fún, díẹ̀ ló gbà á. Àwọn tí wọ́n tún bá ṣètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́, àkáǹtì báńkì àti ọ̀rọ̀ owó orí, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 16 sí i ló forúkọ sílẹ̀. Ìwọ dúró síbẹ̀, kí o ka iye ìwé ẹ̀rí, kí o ya fọ́tò oníṣòwò tó gbé tirẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ṣírò èrè á rí i pé èyí tí ìwé náà bù kún òwò wọn kéré, owó tí wọ́n sì ná láti fi ran ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ pọ̀. Fọ́tò èrè kò dára lójú rárá.

Ó tó. Iṣẹ́ tìrẹ gan-an rèé: kajú. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2024, Bẹ̀nẹ̀ kò gbà kí wọ́n máa kó kajú tútù jáde mọ́. Inú ọgbà iléeṣẹ́ ní Glo-Djigbé ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n ti máa fọ́ ọ. Wọ́n á bi ọ́ bóyá ó ṣe àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ lóore. Má rántí pé Nàìjíríà ti yọ ìrànlọ́wọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí kpayó fi wọ́n, tí kíkó ẹrù jáde láti oko náà fi wọ́n. Má rántí náírà tó já lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ẹnubodè Nìjẹ̀r tó tì lọ́dún kan náà, tàbí owó kajú lọ́jà àgbáyé, tó ń lọ sókè sódò láìbi Kútọnu. Kọ ìwé méjì kí o tó wọ mọ́tò. Nínú èyí tó jẹ́ pé owó kajú gòkè, kọ ọ́ pé ìjọba ló ṣe é. Nínú èyí tó jẹ́ pé ó já, kọ ọ́ pé ọjà àgbáyé ló ṣe é. Lu méjèèjì lóńtẹ̀ ní Kútọnu. Nígbà tí o bá dé Ṣábẹ̀, béèrè iye tí wọ́n ń ra kìlò kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ibi tí mọ́tò yín dúró, kí o sì fi ìwé kejì sílẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà kó fi nu gíláàsì.